Ẹyin Tí Fakri Jẹ Lórí Omi Ajim

Ẹ̀gbọ́n mi Dalanda ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nínú ilé wa ní Midoun, ní erékùṣù Djerba. Bí ó bá ní kí iná má jò, iná á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ ná. Nítorí náà, nígbà tí Fakri, awakọ̀ tó máa ń fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn òyìnbó òtẹ́ẹ̀lì kiri, wá tọrọ Yosra ọmọ-ọmọ mi, bàbá Yosra tó wà ní ilẹ̀ Faransé kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn sọ lórí fóònù pé, "Ohun tí Ìyá Dalanda bá ti sọ, abẹ gé e," ó sì pa fóònù kíá kí a má bàa bi í ní nǹkan mìíràn.

"Ọmọ ibo ni?" ni Dalanda bi mí.

"Ọmọ Matmata ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ dáadáa ni."

"Matmata òdìkejì omi? Àwọn tó ń gbé inú ihò?"

"Ilé ni. Wọ́n kàn gbẹ́ ẹ sínú ilẹ̀ ni."

"Mabruka, ohun tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀, tí èèyàn ń wọ̀, tí èèyàn ń jáde níbẹ̀ bí ehoro, kí lo fẹ́ kí n máa pè é? Ààfin?"

Yosra wà ní ìdáná, ó ń sunkún sórí àlùbọ́sà tí kò tíì gé. Ọmọ yẹn fẹ́ràn Fakri débi pé ó dá ìró bọ́ọ̀sì rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí gbogbo bọ́ọ̀sì Djerba. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ tóbi, ó sì máa ń bá mi gbe orin bí mo bá ń kọrin nínú ọkọ̀, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ dà bí ti ilẹ̀kùn tó ń wá òróró.

Dalanda gbọ́ ẹkún náà títí ó fi sú u.

"Ó dáa," ló wí. "Kí ó wá jẹ bríìkì."

Ẹkún dúró wáí.

Ní ọ̀dọ̀ wa, kò sí ọmọkùnrin tó ń wá ìyàwó tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. A ó mú ìyẹ̀fun tí a tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé, a ó kó ẹja túnà àti ewébẹ̀ lé e, a ó fọ́ ẹyin tútù sí àárín rẹ̀, a ó ṣẹ́ ẹ po, a ó sì sọ ọ́ sínú òróró tó ń hó. Ìta rẹ̀ á gbẹ, á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin inú rẹ̀ á ṣì máa ṣàn. Ọwọ́ lásán ni a fi ń jẹ ẹ́. Bí ọmọkùnrin náà bá jẹ ẹ́ tán tí pupa ẹyin kò kán sí àwo, tí kò kán sí aṣọ, ó ti gba ọmọ wa nìyẹn. Bí ó bá kán, kí ó máa lọ bá ìyá rẹ̀. Ní ilé púpọ̀ lóde òní, eré ni wọ́n fi ń ṣe. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bá a nu aṣọ, wọ́n á sì fún un ní ìyàwó rẹ̀. Dalanda kì í fi ẹyin ṣeré.

"Èmi ni màá dín in," ló wí. "Èmi ni màá yan ọjọ́, èmi ni màá yan ibi. Kí ó má rò pé orí tìmùtìmù ní pálọ̀ ni màá ti gbé e fún un."

Nígbà tí Fakri gbọ́, ó rò ó títí, ó ní kí òun kọ́kọ́ fi ìgbádùn rọ Dalanda lọ́kàn ná. Ìgbà òtútù ni. Òtẹ́ẹ̀lì etí òkun tó ti ń ṣiṣẹ́ dá páropáro, gbogbo àga tò létí omi láìsí ìdí kankan lórí wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ẹni tó bá ní àwọn àgbà nílé, kí ó kó wọn wá sùn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ibẹ̀ má bàa máa ba àwọn òyìnbó díẹ̀ tó kù lẹ́rù. Ni Fakri bá sáré wá sọ́dọ̀ wa.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ wá gbafẹ́. Ẹ ó sùn létí òkun, ẹ ó jẹ, ẹ ó mu. Màá sì gbé yín jáde lọ wo ibi tó dára, ẹ̀yin àti Yosra."

"Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni," ni Dalanda wí. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ló ti ń di ẹrù.

Òtẹ́ẹ̀lì náà kò jìnnà sílé wa rárá. Láti orí bákónì yàrá wa, a ń gbọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wa bí ó bá ké. Ní òwúrọ̀, Dalanda á jáde síta, á fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bíi fèrè, á sì lọgun sí aládùúgbò wa pé, "Ṣé o ti fún àwọn adìyẹ mi lóúnjẹ? Má fún àkùkọ ju bó ṣe yẹ lọ o, ó ti sanra jù!" Àwọn òyìnbó tó wà nísàlẹ̀ rò pé orin ìbílẹ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Dalanda tẹrí ba fún wọn, ó sì tún un sọ, ó wá fi ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kún un.

Ibùsùn ibẹ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó rọ̀, ó sì ń ta èèyàn padà sókè. Dalanda sùn sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní ohun tó bá ń jì lábẹ́ èèyàn kì í ṣe ibùsùn, ọkọ̀ ojú omi ni. Èmi gùn ún, mo ń fò, mo sì ń kọrin:

Ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì, gbé mi sókè,
Arúgbó ni mí, gbé mi sókè,
Eegun mi ń ké, inú mi ń dùn,
Gbé mi sókè kí n fọwọ́ kan àjà.

"Mabruka, sọ̀ kalẹ̀! Àwọn tó wà nísàlẹ̀ á rò pé èmi ni mò ń lù ọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tẹ́ oúnjẹ sílẹ̀ bí ẹni ń ṣe ìgbéyàwó gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà: búrẹ́dì, wàrà, ẹyin, ólífì, oyin, dàbínù. Dalanda jókòó ti àwo òfìfo, ó ká ọwọ́ lé itan, kò mira.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde ká lọ bu oúnjẹ."

"Ta ló ní kí n jẹun?"

"Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún èèyàn níbí. Kálukú ló ń bù fúnra rẹ̀."

"Bí ewúrẹ́? Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò tíì jẹun nílé onílé láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ mí."

Òótọ́ ni. Àlejò wa kì í kàn ki ọwọ́ bọ oúnjẹ. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, á ní òun ti yó, wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́, á ní kí wọ́n bu díẹ̀, kí gbogbo ará tó wà ní ìtòsí lè mọ̀ pé ọmọlúàbí ni, pé ebi kọ́ ló gbé e wá. Mo bá ránṣẹ́ pe Fakri. Ó sá wá láti ìdí bọ́ọ̀sì tòun ti àkísà lọ́wọ́.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹun."

"Mo ti yó."

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Bóyá omi díẹ̀."

"Ìyá, mo fi orí ìyá tó bí mi bẹ̀ yín, ẹ jẹ ẹyin kan péré."

Dalanda gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹyin?"

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ Fakri. "Búrẹ́dì," ló wí. "Búrẹ́dì ni mo ní."

Bàbá Jámánì kan wà nítòsí, gíga bí òpó, tòun tìyàwó rẹ̀. Wọ́n wo gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìtara, wọ́n sì rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn náà ká ọwọ́ lé itan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbogbo tábìlì ló ń dúró kí wọ́n bẹ òun. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ ń sáré kiri, wọ́n ń fi Ọlọ́run bẹ àwọn òyìnbó pé kí wọ́n mu ọbẹ̀. Orí ọ̀gá gbóná, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ní àwọn kò rí ibi tí wọ́n ti ṣaájò àwọn tó báyìí rí.

Àpò kan wà tí Dalanda gbé wá láti ilé, a rò pé aṣọ ni. Irun àgùntàn ló kún inú rẹ̀, tó ṣì ń rùn bí ó ṣe gé e lára ẹran. Ó ní òun kò lè jókòó sí etí òkun kí òun máa wo omi lásán bí ẹni tí iṣẹ́ ti tán láyé. Bí a ṣe ká aṣọ sí ìbàdí nìyẹn, tí a dé àkẹtẹ̀ wa, a wọ inú omi lójúkojú òtẹ́ẹ̀lì, a sì ń fi igi lu irun náà, pà! pà! pà! Ìdọ̀tí ń ṣàn lọ. Ọlọ́dẹ òtẹ́ẹ̀lì sáré dé.

"Ẹ̀yin ìyá, etí òkun yìí, ti àwọn àlejò ni o."

Dalanda yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá láàárín ọmú rẹ̀, ó nà án sí i. "Àlejò ni mí. Ìwọ, yàrá wo ni o wà?"

Ọlọ́dẹ kò ní yàrá. Ó padà. Kò pẹ́ tí bàbá Jámánì àti ìyàwó rẹ̀ fi wọ inú omi wá bá wa tòun ti igi tiwọn, ni àwọn yòókù bá tẹ̀ lé wọn. Ìwọ kí o rí ìgbálẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ òyìnbó! Mo dá orin sílẹ̀ fún wọn:

Irun àgbò dọ̀tí, ẹ lù ú,
Òkun ló ní ọṣẹ, ẹ lù ú,
Ta ló máa fi bora? Ìyàwó ni, ẹ lù ú,
Ta wá lọkọ ìyàwó?

Mo dúró níbẹ̀, mo wo Dalanda.

"Ẹ kàn máa lù ú," ló wí. "Kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ní gbogbo àkókò yìí, Fakri ń rù. Kò mọ ìgbà tí bríìkì máa dé bá òun. Ó lọ bá Shadli, ọ̀kan nínú àwọn tó ń se oúnjẹ, pé kí ó máa dín in fún òun kí òun lè mọ̀ ọ́n jẹ. Mo yọjú sí wọn lẹ́yìn ìdáná lọ́jọ́ kan. Fakri dúró láàárín ilé láìwọ ṣẹ́ẹ̀tì, pupa ẹyin ń ṣàn láti àgbọ̀n rẹ̀ dé ìdodo. Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́ sì wà lórí okùn, gbogbo wọn ní àmì ẹyin láyà bí aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù.

"Ìyá Mabruka, mo ti kú," ló wí.

"O ò tíì kú. O ń bù ú jẹ láti àárín. Ta ló ń gba àárín ilé wọlé? Gba igun. Bù ú díẹ̀, fa ẹyin mu, gbé e sókè bí ẹni ń mu omi nínú ìkòkò, kí o tó jẹ ibi tó gbẹ."

"Ó ń jó mi lẹ́nu."

"Ìgbéyàwó náà á máa jó ọ lẹ́nu nígbà mìíràn. Fa ẹyin mu."

Shadli rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé èyí tó wà nínú òróró. Èyí yẹn jóná, Fakri sì jẹ ẹ́ láìkán ẹyọ kan sílẹ̀. A pàtẹ́wọ́ fún un kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ìjáde wa àkọ́kọ́, Guellala ni, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Yosra dé láti ilé, ó jókòó sí àárín èmi àti Dalanda bí ẹrù tí wọ́n ń ṣọ́. Bàbá Jámánì àti ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn wa. Fakri dúró níwájú àwọn ìkòkò, ó ń ṣàlàyé fún wọn ní èdè wọn, ó sì ń tú u fún wa, bí ẹni pé kì í ṣe ọmọ àbúrò bàbá wa ló mọ gbogbo wọn.

"Ìkòkò kékeré yìí," ló wí, "wọ́n máa ń so ó mọ́ okùn, wọ́n á jù ú sí ìsàlẹ̀ òkun. Ẹranko òkun ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ yẹn á rí i, á rò pé ilé ni, á wọ inú rẹ̀ lọ sùn. Wọ́n á sì fà á sókè."

"Ó wọ ihò, ó rò pé ilé ni," ni Dalanda wí. "Ọmọ Matmata ni."

Yosra fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Fakri ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pọ́n, etí rẹ̀ sì tóbi, gbogbo wa la rí i. Nígbà tí a jókòó sábẹ́ igi ólífì láti sinmi, Dalanda fa agbọ̀n rẹ̀ mọ́ra. Ó ṣí aṣọ tó fi bò ó díẹ̀. Ó wo Fakri. Ó tún ṣí i díẹ̀ sí i. Fakri dìde dúró, ó nu ọwọ́, ó tẹ́ aṣọ ìnujú sí àyà, ó ní, "Bísímílà," ó sì ṣe ojú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín rẹ̀.

Dalanda gbé ọsàn jáde. "Kí ló ṣe ọ́? O ò jẹ ọsàn rí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí a fi padà dé òtẹ́ẹ̀lì.

Ìjáde kejì ló lọ sí Matmata. Dalanda kọ́kọ́ ní òun kò lọ. Yosra ní kí ó má lọ, kí èmi àti òun nìkan lọ. Dalanda sì kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì ju gbogbo wa lọ, bàbá Jámánì àti ìyàwó rẹ̀ náà sì tún bá wa lọ. A dé Ajim, ọkọ̀ ojú omi gbé àwa àti bọ́ọ̀sì sọdá sí Jorf, ọ̀nà sì gbà wá lọ títí òkè fi bẹ̀rẹ̀.

Zazia ìyá Fakri dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kúkúrú ni, ẹ̀rín rẹ̀ gba gbogbo ojú rẹ̀. Ọ̀nà tó wọ ilé rẹ̀ tóóró, ó sì lọ sílẹ̀. Àkẹtẹ̀ Dalanda há sí i. Ó fẹ́ wọlé, kò wọ̀. Ó fẹ́ padà, kò padà. Fakri ń tì í láti ẹ̀yìn, Zazia ń fà á láti iwájú.

"Ẹ bọ́ àkẹtẹ̀, ìyá mi!"

"Mi ò ní bọ́ ọ! Kí wọ́n fẹ ihò yìí!"

Nígbà tó wọlé tán, ojú àgbàlá tó ṣí sí ọ̀run la bá ara wa, àwọn yàrá sì yí i ká nínú amọ̀, funfun, mímọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Afẹ́fẹ́ òtútù ń fẹ́ lókè, nísàlẹ̀ ibẹ̀ ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Zazia gbé búrẹ́dì gbígbóná wá àti òróró ólífì àti oyin. Ó sì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ àlejò! Ó fi Ọlọ́run bẹ Dalanda, ó fi òkú bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó fi ọ̀pẹ dàbínù inú oko rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Dalanda ní òun ti yó, Zazia ní kò yó. Dalanda ní ó tó, Zazia ní kò tó. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi ìbẹ̀bẹ̀ ṣẹ́gun ẹ̀gbọ́n mi rí. Ó jẹun títí ó fi fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì sùn lọ. Ó ń hanrun débi pé bàbá Jámánì bi Fakri bóyá ràkúnmí wà ní yàrá kejì.

Nígbà tó jí, gbogbo wa ló ń wò ó.

"Mi ò sùn," ló wí. "Mò ń tẹ́tí sí àjà, bóyá ó máa wó."

"Ó wó bí?" ni Yosra bi í.

"Kò wó." Ó fọwọ́ ra ògiri. "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mi ò ní purọ́."

Ojú Yosra là. Fakri mí kanlẹ̀. Àmọ́ bí a ṣe ń dágbére, Dalanda fẹnu sí mi létí, ó ní, "Ilé ni ilé, ẹyin ni ẹyin." Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí a padà dé Jorf. Àwọn mọ́tò ti tò dúró de ọkọ̀ ojú omi. Obìnrin kan ń dín bríìkì fún àwọn tó ń dúró, òróró rẹ̀ ń hó lẹ́bàá ọ̀nà. Dalanda sọ̀ kalẹ̀ láìsọ ohunkóhun. Ó lọ bá obìnrin náà, ó fi ìdí tì í kúrò níbi ààrò, ó sì yọ irun àgùntàn wérewère jáde nínú agbọ̀n. Ẹyin adìyẹ tirẹ̀ ló wé sínú rẹ̀. Láti Midoun ló ti gbé e, ó gbé e gba òtẹ́ẹ̀lì, ó gbé e gba inú ihò, kò fọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe níbí," ni mo bẹ̀ ẹ́.

"Kì í ṣe níbí. Orí omi ni."

Ọkọ̀ dé, àwọn mọ́tò wọlé. Bí a ṣe kúrò ní etí ilẹ̀, Dalanda dúró láàárín ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ funfun rẹ̀, bríìkì méjì gbígbóná wà lórí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fakri! Ọmọ Zazia! Wá jẹun."

Fakri wo àyà aṣọ rẹ̀. Aṣọ funfun ló wọ̀ láti lọ kí ìyá rẹ̀. Gbogbo èrò ọkọ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kíá. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja dìde, awakọ̀ kan tó kó àgbò gun orí ẹrù rẹ̀ kí ó lè ríran, ọ̀gá ọkọ̀ náà yọrí jáde láti òkè.

"Gba igun, ọmọkùnrin!" ni ẹlẹ́ja kan kígbe.

"Kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́!" ni awakọ̀ àgbò wí.

"Ẹ má kọ́ ọ!" ni Dalanda jágbe. "Ìdánwò ni!"

Yosra di ọwọ́ mi mú débi pé ìka mi kú. Fakri gba bríìkì náà. Ó ní, "Bísímílà." Ó bu igun rẹ̀, ó gbé e sókè, ó fà á mu. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ooru rẹ̀, kò dúró. A ń rí pupa ẹyin náà tó ń mì lẹ́nu ihò bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo ìta, Fakri á tún fà á padà. Àgbò pàápàá na ọrùn wò ó. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ó ku èyí tó kéré bí etí ológbò. Ni ìgbì kan bá gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹyin tó kù nínú rẹ̀ fò sókè, ó gba afẹ́fẹ́ kọjá, ó sì bà pẹ́ẹ́ sórí àkẹtẹ̀ Dalanda.

"Ó kán!" ni Dalanda kígbe. "Ó ti kán! Ẹ ti rí i!"

"Kò kán sí aṣọ rẹ̀," ni ẹlẹ́ja dáhùn. "Ẹ wò ó, funfun báláú."

"Ó kán sí mi lórí!"

"Ta ló sọ̀rọ̀ orí? Àwo àti aṣọ ni wọ́n fi lélẹ̀ fún wa. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àkẹtẹ̀."

"Ìgbì ló ṣe é!" ni ọ̀gá ọkọ̀ wí láti òkè. "Èmi ni kí ẹ dá lẹ́jọ́, kì í ṣe òun."

"Bí ó bá jẹ́ ìgbì, ṣé ìgbì ló ń wá ìyàwó ni?" ni Dalanda bi í.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe pín sí méjì. Àwọn ará Djerba ní ó kán, àwọn ará òdìkejì omi ní kò kán, awakọ̀ àgbò sì ní kí wọ́n fún òun ní bríìkì, òun á fi hàn wọ́n. Yosra ti ń sunkún. Fakri dúró síbẹ̀ tòun ti etí ológbò lọ́wọ́, kò mọ̀ bóyá kí ó jẹ ẹ́ tàbí kí ó sin ín.

Ẹlẹ́ja wá sún mọ́ Dalanda, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Ìyá, ẹyọ kan ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n jẹ, ẹ jẹ ẹ́ fún wa rí, lórí omi yìí, nínú afẹ́fẹ́ yìí."

"Èmi?" Dalanda na ọrùn. "Láti ọmọdé ni mo ti ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin, ẹ kàn máa wò."

Ó jẹ ẹ́ dáadáa, mi ò ní purọ́. Ó gba igun, ó gbé e sókè. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò lè ṣe ohun kan láìsọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ kún, ó gbé ìka sókè, ó fẹ́ sọ fún Fakri pé, "Ṣé o rí i—"

Ibẹ̀ ni ẹyin ti gba jáde. Ó gba àgbọ̀n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọrùn, ó wọ àyà aṣọ funfun náà lọ bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé.

Dalanda wo àyà rẹ̀. Ó wo Fakri. Ó wo Yosra, tó ti gbàgbé láti máa sunkún. Gbogbo ọkọ̀ ti fa èémí sínú, ẹ̀rín ti dé etí ètè wọn, ó kàn ń dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò sì lè fara da ẹ̀rín èèyàn. Ó ju orí sẹ́yìn, ó fi ahọ́n lu ẹnu, ó sì ké igbe ayọ̀ tí àwọn obìnrin wa ń ké lọ́jọ́ ìdána, bí a bá ti fi ọmọ fún ọkọ:

"Yúyúyúyúyúyúyúyú!"

Ó ké e gùn débi pé òdìkejì omi gbọ́. Àwọn ẹlẹ́ja gbà á lẹ́nu rẹ̀, èmi gbà á, àwọn obìnrin tó wà nínú mọ́tò gbà á, àwọn awakọ̀ ń fun fèrè, ọ̀gá ọkọ̀ fun tiẹ̀, àwọn àgbò ń ké, bàbá Jámánì gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Igbe ìdána lórí omi, níwájú gbogbo èrò Ajim! Kò sí ẹni tó lè gbé irú rẹ̀ mì padà. Dalanda mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó ya ẹnu. Mo rí i lójú rẹ̀.

Yosra bọ́ lọ́wọ́ mi. Fakri ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Dalanda mú, ó ń dúpẹ́ bí ẹni ń kírun.

"Dìde, dìde, o ń tẹ aṣọ mi mọ́lẹ̀. Bá mi wá omi, ọkọ Yosra. Ẹyin yìí ti ń gbẹ sí mi láyà."

Mo dá orin sílẹ̀ títí a fi gúnlẹ̀ ní Ajim:

Àna wa kò kán ẹyin, ó jù ú ni,
Yúyú, ó jù ú ni,
Ẹ̀gbọ́n mi kò kán ẹyin, ó fi pamọ́ ni,
Yúyú, ó fi pamọ́ sáyà ni.

Títí di òní, bí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, Dalanda á ní afẹ́fẹ́ ni, afẹ́fẹ́ orí omi Ajim kò dára. Fakri á sì gbà kíákíá pé afẹ́fẹ́ ni. Yosra náà á ní afẹ́fẹ́ ni. Ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, tí etí rẹ̀ tóbi jọjọ, òun náà á ní, "Afẹ́fẹ́," á sì na ọwọ́ sí ẹyin tó wà nínú àwo Dalanda.